Ẹja Tó Gbá Ológbò Létí

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi tukọ̀, ó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, opó tó ń se ẹja tà létí òkun.

Ológbò tó ń ta ẹja àná lójú ọ̀nà sọ fún Ìkookò pé, “Ẹja Pẹ́pẹ́yẹ ti rà.” Ìkookò yà sọ́dọ̀ Ológbò. Ológbò tún sọ fún Ẹkùn, òun náà yà. Ebi wá ń pa àwọn ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ.

Nígbà tí Kìnnìún ọba dé ọ̀dọ̀ Ológbò, Pẹ́pẹ́yẹ gbé igbá ẹja pàdé e níbẹ̀, ó ń kọrin:
Ẹja mi ń bẹ láàyè o!
Tẹ́rẹ́nà!

Ẹja kan ta pọ́ún, ó fi ìrù gbá Ológbò létí.

Kìnnìún bú sẹ́rìn-ín: “Òkú ẹja kì í gbáni létí! Ìyá, ọ̀dọ̀ rẹ la ó ti jẹun.”

Gbogbo ẹranko bá gbe orin, wọ́n sì wọ́ tẹ̀lé Pẹ́pẹ́yẹ lọ sétí òkun.