Ajá Tí Kì Í Jẹ́ Ìpè

Ọkùnrin kan wà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó ra ajá kan torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ, ilé sì ti dákẹ́ jù. Láti ọjọ́ tó ti gbé e wálé nínú agbọ̀n ló ti fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ń jẹun, òkèlè mẹ́ta tirẹ̀, ọ̀kan ti ajá. Bí òjò bá ń rọ̀, á dìde lọ wò ó bóyá òjò ń pa á. Má ṣe ṣiyèméjì nípa ìfẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n òun àti aládùúgbò rẹ̀ kò rẹ́. Opó kan ni, tó máa ń yọjú lókè ògiri láti mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ìwọ náà mọ àṣà wa: ẹni tí kò fẹ́ bá èèyàn jà lójúkojú, ajá rẹ̀ ni yóò sọ lórúkọ tó fi ń bá a wí. Ọkùnrin yìí sọ ajá tirẹ̀ ní Kílókànwọ́n. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á kọjú sí ògiri, á ké orúkọ náà bí ẹni tó ń lé olè. Bí ajá bá ṣe ohun tí kò dáa, orúkọ yẹn náà ló fi ń pè é kó wá jẹ pàṣán. Bó bá fẹ́ so ó mọ́lẹ̀, orúkọ yẹn náà ni.

Nígbà tí yóò fi pé ọdún kan, ajá kì í jẹ́ ìpè mọ́. Bó bá ti gbọ́ Kílókànwọ́n, á ki ìrù bọ àárín itan, á sá lọ sẹ́yìn táńkì omi. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá pariwo mọ́ ọn, á tọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, torí títì tí àwọn tírélà ń gbà kò jìnnà sí ẹnu géètì, ajá tí kò sì ṣeé pè padà kì í pẹ́ láyé létí irú títì bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní etí rẹ̀ ti di. Àwọn kan ní oríkunkun ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kó tà á fún àwọn tó ń jẹ ẹran ajá, kó ra òmíràn. Ọkùnrin náà lé onímọ̀ràn yẹn jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba òun pàápàá.

Ó gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Dókítà yẹ etí wò, ó yẹ ẹnu wò, ó ní kò sí àrùn kankan. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló ṣẹ, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Dókítà ní kó pè é kí òun gbọ́. Ó pè é bó ṣe máa ń pè é nílé, ajá sì kó sábẹ́ tábìlì.

“Bàbá,” ni dókítà wí, “òwe yín dáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọdẹ bó ṣe ń fọn fèrè rẹ̀. Ajá yìí ò mọ̀ pé aládùúgbò lẹ ń bá wí. Òun rò pé òun ni.”

Ọkùnrin náà béèrè bóyá kí òun yí orúkọ padà. Dókítà ní ó lè yí i, ṣùgbọ́n bí ẹnu tó ń pè é kò bá yí, orúkọ tuntun náà á bàjẹ́ kí oṣù tó parí. Oògùn tó fún un kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé mì. Fún oṣù méjì, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ajá àfi tí ohun dídùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ tàbí kó so ó mọ́lẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá a. Pàṣán ńkọ́? Kó lọ fi dáná. Bí ajá bá sì jẹ́ ìpè, bó ti wù kó pẹ́ tó, kó yìn ín.

Ó kọ́kọ́ ṣòro. Á jókòó lórí àpótí pẹ̀lú ẹran gbígbẹ lọ́wọ́, á máa pe Kílókànwọ́n bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ojú á sì máa tì í. Opó ẹ̀yìn ògiri gbọ́, kò mọ èyí tí yóò bínú sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, imú nìkan ni ajá yọ lẹ́yìn táńkì. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó dé ìdajì àgbàlá, ó já ẹran gbà, ó sá padà. Lópin oṣù kejì, orí ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ti ń sùn, inú bàbá náà sì ń dùn bí ẹni tí ọmọ wálé wá bá ṣọdún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbàgbé géètì ní ṣíṣí. Ajá rí ewúrẹ́ lódìkejì títì, ó sáré jáde. Ọkùnrin náà rí tírélà tó ń bọ̀. Ohùn líle dé ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Ó lóṣòó, ó na ọwọ́ òfìfo, ó fi ohùn tó fi ń fún un lẹ́ran ké pè é. Ajá dúró láàárín títì, ó yíjú padà, ó sáré wá bá a. Tírélà kọjá. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ajá mọ́ àyà, ó sunkún.

Ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún. O ti ń ro ẹjọ́ ọmọ rẹ fún mi láti òwúrọ̀, pé ó ń rí ìpè rẹ lórí fóònù, kì í gbé e. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n rántí ìgbà mẹ́wàá tí o pè é kẹ́yìn: mélòó ni o fi béèrè bóyá ó ti jẹun? Pè é lónìí, má sì mẹ́nu ba ohun tó ṣe. Bí kò bá gbé e, tún pè é lọ́la, kí o máa fara dà á. Oṣù méjì ni ajá gbà, lẹ́yìn ọdún kan péré. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọmọ tìrẹ ti fi gbọ́ ohùn yẹn.