Ọdẹ́yalé àti Ọ̀nà Akọ Àgbọ̀nrín

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn ará Àgádá fi ń wo odò wọn láti orí òkè, tí wọn kò lè sọ̀kalẹ̀ lọ pọn ún. Omi ọ̀hún ń dán nísàlẹ̀, wọ́n ń rí i, wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n Kúmápàyí, jagunjagun akónilẹ́rú láti ilẹ̀ pápá, ti pa àgọ́ sí etí rẹ̀ ní apá àríwá. Ogójì ajá ló kó wá. Kì í sì í ṣe ajá tí ń jókòó ti ìkòkò o, ajá tí í gbóòórùn ẹni tó kọjá lánàá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn èèyàn ti gbìyànjú àtisá. Àwọn àkọ́kọ́ gba inú àfonífojì, àwọn kejì gba ṣóńṣó òkè. Ajá kó gbogbo wọn, àwọn tó kù sì ń wò láti òkè bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń fi okùn sí wọn lọ́rùn. Ìwọ̀nba omi tó kù nínú ihò àpáta, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń fi ìkarawun ìgbín bù ú fún. Àwọn àgbà ń jẹ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu nítorí omi inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìsun kan wà lórí Òkè Ìdùmọ̀ lọ́hùn-ún, òkè kẹta sí tiwọn, tí kì í gbẹ bó ti wù kí ọ̀gbẹlẹ̀ mú tó. Báwo lèèyàn yóò ṣe dé ibẹ̀ tí ajá ò ní í gbọ́?

Ọkùnrin kan wà nílùú nígbà náà tí ń jẹ́ Ọdẹ́yalé. Ìdílé ọdẹ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò jọ ilé ọdẹ rárá. Agbárí ẹran ni àwọn ọdẹ Àgádá fi ń ṣe ara ògiri lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kí tẹ̀ríbatẹ̀ríba. Ògiri Ọdẹ́yalé mọ́ lóló bí àwo tí a fọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà ọyẹ́, nígbà tí ara akọ àgbọ̀nrín bá gbóná sí abo, ẹran rẹ̀ a máa rùn ju òbúkọ lọ, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Nítorí náà gbogbo ọdẹ a gbé ọfà kọ́, wọn a jókòó ti ẹmu. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọdẹ́yalé ń wọgbó, lọ́wọ́ òfìfo, a máa tọ akọ lẹ́yìn láti òkè dé òkè. Ìyókù ọdún, iṣu ló ń gbìn. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. “Ọkọ àgbọ̀nrín” ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí Ọwá Adéṣuyì, ọba wọn, pe ìlú jọ ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti fẹ́ fi láwàní orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kúmápàyí pé àwọn túúbá. Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀.

“Kábíyèsí, ọ̀nà kan ṣì wà. Ọ̀nà akọ ni.”

Ògúnṣakin, olórí ọdẹ, pòṣé. “Ọkọ àgbọ̀nrín ti dé. Ṣé àwọn àna rẹ ló máa gbà wá?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, bí òùngbẹ ti ń gbẹ wọ́n tó. Àfi àgbà obìnrin kan, Yèyé Abẹ́jẹ́, tí kò rín. Ó ní, “Ògúnṣakin, agbárí mélòó ló wà lára ògiri rẹ?”

“Ó lé ní ọgọ́ta, Yèyé.”

“Nínú wọn, èwo ló sọ ọ̀nà tó ń gbà fún ọ kí o tó pa á? Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ jàre.”

Ọdẹ́yalé wá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọwá, akọ tó ń wá abo kì í gun ṣóńṣó, nítorí ojú gbogbo ayé yóò rí i. Kì í sì í gba inú àfonífojì, nítorí afẹ́fẹ́ ń yí po níbẹ̀, kò ní í mọ ibi tí òórùn ti ń wá. Ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń gbà, ní ìsàlẹ̀ ṣóńṣó díẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ti ń fò kọjá lókè wá bá a nímú. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ló ń kó ìròyìn òdìkejì wá fún un, kò sì ń kó tirẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá fẹ́ bọ́ sórí òkè mìíràn, ọrùn òkè ló ń gbà, ibi tí òkè méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra. Àríwá ni àgọ́ wà, àríwá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́. Bí a bá gba ẹ̀gbẹ́ gúúsù, àwa la ó máa gbóòórùn ajá. Ajá ò ní í gbóòórùn wa.”

Ọwá ní, “Ó dáa. Máa lọ níwájú.”

Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n gbéra, nínú kùrukùru ọyẹ́ tó bo ilẹ̀ débi pé èèyàn ò rí ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìgbà yìí ni ìmọ̀ Ọdẹ́yalé jáde. Akọ àgbọ̀nrín a máa fi ìwo họ èèpo igi lójú ọ̀nà rẹ̀, igi kan náà lọ́dọọdún. Ó ní kí olúkúlùkù máa fọwọ́ wá igi tó bó, níbi ìbàdí. Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó, abiyamọ àti afọ́jú ṣe ń tọwọ́ bọ̀ láti igi dé igi. Ọmọ ọwọ́ kan ké, gbogbo ayé dúró gbagidi. Wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ ogun ti ń sín ní àgọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbé igbe ọmọ lọ sí gúúsù.

Ní ọrùn òkè kejì, afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró lójijì. Ọdẹ́yalé ní kí wọ́n jókòó.

“Jókòó kẹ̀?” ni Ògúnṣakin wí wúyẹ́wúyẹ́. “Kí ojú mọ́ bá wa níhìn-ín?”

“Ibí ni akọ ti ń dúró títí afẹ́fẹ́ á fi padà. Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n.”

Ibi tí wọ́n jókòó sí ni akọ ńlá kan ti yọ láti inú kùrukùru, ìwo rẹ̀ kún fún èèpo igi, ó ń rùn burúkú. Ògúnṣakin ti fa ọfà. “Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tó ọmọ mẹ́wàá mu,” ni ó wí.

Ọdẹ́yalé fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọfà. “Tí ẹ bá ta á sílẹ̀, ajá ni ẹ pè. Ẹ jẹ́ kó tẹ ojú ẹsẹ̀ wa mọ́lẹ̀.”

Ògúnṣakin wo àwọn ọmọ, ó wo Ọdẹ́yalé, ó sì gbé ọfà sílẹ̀. Ẹranko náà gba àárín wọn kọjá bí ìjòyè, ó forí lé ọ̀nà tí wọ́n ti wá. Afẹ́fẹ́ sì padà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọmọ Àgádá ti dojú bolẹ̀ nídìí ìsun Ìdùmọ̀, wọ́n ń mumi.

Àwọn ẹrú tó sá bọ̀ lẹ́yìn náà ló ròyìn ìyókù. Kúmápàyí bá ìlú lófo, ó tú ajá sílẹ̀. Ajá gba ojú ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n òórùn akọ ti bo òórùn èèyàn. Nígbà tí akọ náà tún fò kọjá lójú wọn, wọ́n gbá tẹ̀ lé e, ó sì kó ogójì ajá lọ sínú pápá. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí mọ́kànlá péré he nínú wọn.

Ìdùmọ̀ ni ìlú wà títí dòní. Ọwá tuntun kò tíì jọba tán àfi tó bá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà akọ láti Àgádá, tó ń fọwọ́ kan igi tó bó. Ògúnṣakin ló sì dá àṣà kejì sílẹ̀, láìsẹ́ni tó pàṣẹ fún un: bí ọyẹ́ ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀, ó sọ gbogbo agbárí rẹ̀ tó ti padà kó wá láti Àgádá kalẹ̀, ó kó wọn wọlé. Gbogbo ilé ọdẹ ní Ìdùmọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́yẹ́. Àlejò tó bá wá nígbà náà, tó bá bi wọ́n pé ẹ̀yin ọdẹ, ẹ ò rẹ́ran pa ni, tí ògiri yín fi ṣófo, wọn a na ọwọ́ sí ògiri.

“Èyí tí a kò pa ló wà níbẹ̀ yẹn.”