Bọ́ọ̀lù Gígùn Ṣówándé

Ọkùnrin méjì ni àwọn ará Ìdọ́bì gbójú lé nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn. Ṣówándé ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Agégẹdú ni, itan rẹ̀ sì le bí igi tí ó ń gé. Bí ó bá ta bọ́ọ̀lù nípàá láti iwájú ilé góòlù tiwọn, yóò fò kọjá lórí gbogbo ènìyàn, yóò sì balẹ̀ nítòsí ilé àwọn alátakò. Ọ̀dúṣànyà ló máa ń sá tẹ̀lé e. Òun kéré lára, ó sì jẹ́ àbúrò fún Ṣówándé lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n bí ó bá ki eré mọ́lẹ̀, ẹni tí yóò lé e bá ṣọ̀wọ́n.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí a ṣe ń rọra gbá bọ́ọ̀lù fún ara ẹni. Pápá wọn ni kò gbà á. Òkúta àti kùkùté kún ibẹ̀, bọ́ọ̀lù tí a bá gbá nílẹ̀ á kàn yà sí ibi tó wù ú. Nítorí náà ni Adémọ̀kọ́yà, olùkọ́ wọn, ṣe ní kí wọ́n máa gba ojú òfuurufú. Ọ̀nà yìí gbè wọ́n. Lọ́dún kan, wọ́n ṣẹ́gun títí wọ́n fi dé àṣekágbá, níbi tí wọn yóò ti bá àwọn ará Òkè-Àwùn figagbága. Ife ẹ̀yẹ náà kò tíì wọ Ìdọ́bì rí.

Ṣùgbọ́n ìyìn ti ń kó sí Ṣówándé lórí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni àwọn òǹwòran á ti máa pariwo orúkọ rẹ̀. Bí Ọ̀dúṣànyà bá lé bọ́ọ̀lù náà bá, wọn á ní Ṣówándé mọ̀ ọ́n gbá. Bí kò bá lé e bá, wọn á ní Ọ̀dúṣànyà ya ọ̀lẹ. Nígbà mìíràn, apá ọ̀tún ni yóò wà tí bọ́ọ̀lù á lọ sí apá òsì. Òun náà ni wọn yóò bú.

Ní ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, Ọ̀dúṣànyà lọ bá Ṣówándé níbi iṣẹ́. Ó kí i tán, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbá a, ẹ máa gbójú sókè wò mí. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí.”

Ṣówándé kò tilẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní, “Tèmi ni kí n gbá a. Tìrẹ ni kí o sá tẹ̀lé e.”

Ọ̀dúṣànyà dágbére, ó lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìlú méjèèjì gbá góòlù kọ̀ọ̀kan wọlé. Ọ̀dúṣànyà ló gbá ti Ìdọ́bì. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀lù ń fò, Ọ̀dúṣànyà ń sá. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìlà, ó nawọ́ sókè. Adémọ̀kọ́yà rí i, ó ń pe Ṣówándé, ṣùgbọ́n ariwo kò jẹ́ kí ó gbọ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Ṣówándé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò rí irú èyí tó gbá rí. Ó lọ sókè, ó rọra tẹ̀, ó sì balẹ̀ síwájú ilé Òkè-Àwùn, níbi tí ènìyàn yóò kàn fẹsẹ̀ tì í wọlé. Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Aṣọ́lé wọn rìn jáde, ó gbé e, ó gbójú sókè, ó rí ẹnìkejì rẹ̀ tó ti ń sáré bọ̀ níwájú, ó sì gbá a sí i. Ibi tí bọ́ọ̀lù tirẹ̀ balẹ̀ sí ni Ṣówándé ṣì ń wò nígbà tí ẹni náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì gbá a wọlé.

Ife lọ sí Òkè-Àwùn. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ wálé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ọ̀dúṣànyà. Ṣówándé ní kí wọ́n dákẹ́, pé òun ni òun kò wòkè.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé àbúrò yìí, ó bá a tó na ẹsẹ̀ lórí ẹní. Kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ó bu òrí sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ibo lo fẹ́ kí n máa gbá a sí?”

Ọ̀dúṣànyà fi ìka ya pápá sílẹ̀, ó sì fi hàn án.

Títí di òní, bí ẹnì kan bá ń dá ìmọ̀ràn ńlá tí ẹlòmíràn ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn ín, ohun tí àwọn àgbà Ìdọ́bì máa ń sọ ni pé: kí a tó gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, ká wo ẹni tí yóò lé e bá.