Títí Dé Bílíọ̀nù Kan

Alábẹ̀wò ilé-ìwé kan fìdí lé àga ní kíláàsì ìṣirò Tísà Morádéyọ̀, ó ní, "Mi ò ní dìde àfi tí àwọn ọmọ yìí bá ka ení, èjì, dé bílíọ̀nù kan. Tí wọ́n bá dákẹ́, mo ti kíláàsì yìí pa." Tísà kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó bi àwọn ọmọ pé, "Tẹ́ ẹ bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn, ìgbà wo lẹ máa parí?" Títílọlá, ọ̀kan nínú wọn, ṣírò ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù: "Mílíọ̀nù kan, bí ọjọ́ méjìlá. Bílíọ̀nù kan, ó lé lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Tísà ní, "Sà, ṣé ká lọ gbé bẹ́ẹ̀dì yín wá?" Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà; wọn ò tíì kà dé ogún tí alábẹ̀wò fi dìde. Ara tu gbogbo kíláàsì nígbà tó ní, "Wọ́n ti kà á tán."