Òkété Tó Ń Wá Ọtí Tó Bá Ẹnu Rẹ̀ Mu

Àlọ́ mi já bọ́ọ́, kò bọ́ síbòmíì, inú ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló bọ́ sí. Òkété ló sì ni ìkòkò ọ̀hún, ẹ bá mi kẹ́dùn.

Ọtí kan ṣoṣo ni Òkété ń wá láyé: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó mọ́ lójú, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oòrùn àárọ̀, tó korò díẹ̀, tó dùn díẹ̀, tí á rọra gba ọ̀nà ọ̀fun lọ bí ẹni tó ń lọ sílé àna. Ó ti pọn ọ́n nílé ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Lẹ́ẹ̀mejèèje ló dúdú bí omi ìfọkòkò, ó sì kan débi pé eṣinṣin tó bà lé e ṣépè kó tó fò lọ. Kí ló fà á? Àgbàdo ni o. Òjò ni o. Kì í ṣe pé ọ̀gbẹ́ni ń ṣí ìkòkò nígbà ogún lóòjọ́ kó lè fẹnu kàn án o. Ta ló máa sọ irú ẹ̀ sí ọmọlúàbí?

Ní ìlú àwọn ẹranko, wọn kì í ta ọtí, ṣe ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀. Ìwọ tọ́ tèmi wò, èmi tọ́ tìẹ wò, bó bá ti bá wa lẹ́nu mu, a gbé ìkòkò fún ara wa. Bí wọ́n bá sì ti gbé e, ó parí nìyẹn, kò sí "mo ti yí ọkàn padà."

Ta wá ni yóò gbé ọtí tó dáa fún Òkété?

Òkété wọ inú igbó, ó já àgbáyun kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹ mọ àgbáyun, èso pupa kékeré yẹn. Ẹni tó bá fi í ra ẹnu, tó wá mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, oyin ni á pè é.

Ó gbé ìkòkò ọtí kíkan ẹ̀ lérí, ilé Ẹkùn ló kọ́kọ́ yà.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá Ẹkùn. Ẹ fi èyí ra ẹnu ná. Ọtí tí mo gbé wá kì í ṣe ti ẹnu lásán."

Ẹkùn ra ẹnu, ó mu, ó lá ètè. "Òkété, ìwọ lo pọn eléyìí?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni, bàbá."

"Ọwọ́ tó máa ń hú ẹ̀pà lóko mi yẹn?"

"Ọwọ́ lè níṣẹ́ méjì, bàbá."

Wọ́n pààrọ̀. Òkété gbé ti Ẹkùn délé, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro. Ó ní ó dáa, àmọ́ ó ń run èéfín. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ gba ti Ẹfọ̀n, ó ní ìyẹn korò jù. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń ṣa ọtí. Ẹni tí tiẹ̀ ń lé eṣinṣin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹkùn àti Ẹfọ̀n bu ọtí Òkété mu, ẹnu wọn wọ́. Wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì lọ bá Ìyá Ìmàdò, arúgbó tó ti ń pọntí kí ìyá àwọn méjèèjì tó dáyé.

"Kí ló fún yín jẹ ná?" ni ìyá bi wọ́n.

"Èso pupa kan báyìí."

Ìyá Ìmàdò rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀ ń mì. "Ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Òkété ń bọ̀ níbí."

Ó sẹ́ ọtí náà, ó bomi là á, ó tún un sẹ́, títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ ló yí padà o, ìwà ò yí. Ó dà á sínú ìkòkò tiẹ̀.

Òkété dé lóòótọ́. "Ẹ fi èyí ra ẹnu, ìyá."

"Ọmọ mi, ẹni tó gbé nǹkan wá ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Àbí májèlé ni?"

Òkété rò ó pé kí ni àgbáyun lè fi òun ṣe. Ó jẹ ẹ́. Ìyá fi tiẹ̀ há abẹ́ ahọ́n bí ẹni ń jẹ ẹ́, ó wá bu ọtí fún un. Òkété mu ún, omijé bọ́ lójú ẹ̀.

"Ìyá, eléyìí ni. Eléyìí gan-an ni mo ti ń wá."

"Ìkòkò kan péré ló kù, ọmọ mi. Ìkòkò kan tìẹ ò lè gbà á."

"Mo ní ti Ẹkùn nílé. Mo ní ti Ẹfọ̀n."

"Àgbàdo inú àká ẹ ńkọ́?"

"Ẹ kó o."

"O mọ̀ pé a kì í padà lórí ọtí o."

"Ìyá, ẹ má dá mi dúró."

Kò dá a dúró.

Ó yẹ kí Òkété jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ire ẹ̀, àbí? Ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n wá wo bí apọntí gidi ṣe ń gbádùn. Wọ́n wá. Ìyá Ìmàdò gbé ìkòkò Ẹkùn àti ti Ẹfọ̀n dání. Onílé ló ń kọ́kọ́ mu, nítorí náà Òkété bu igbá ńlá, ó gbọ́n ọn sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kún, tòsì kún.

Àgbáyun ti lọ lẹ́nu ẹ̀ láti àná.

Ojú ẹ̀ méjèèjì yọ síta. Irùngbọ̀n ẹ̀ nà gbọnrangandan. Bó bá tu ú, ó ti sọ pé ọtí òun ò dáa. Bó bá gbé e mì, ikùn ló máa jìyà ẹ̀.

"Ṣé ó bá ẹnu ẹ mu?" ni Ìyá Ìmàdò bi í.

Òkété mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó yẹ kó bá a mu. Ìwọ lo pọn ọ́n."

Ẹkùn ṣí ìkòkò tiẹ̀, ó bu fún Ẹfọ̀n, Ẹfọ̀n bu fún ìyá. "Máa mu lọ, Òkété," ni Ẹkùn wí. "A ò ní bá ẹ dù ú."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ti fẹ̀ báyẹn, tí ìtìjú sì mú kó máa gbénú ihò. Ẹni tó bá ń fi adùn ra ẹnu ẹlòmíì, kó má gbàgbé ohun tó wà nínú ìkòkò ara ẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí mo bo sílé kan kí n tó débẹ̀.