Ààlè Ọ̀ṣúnníyì ní Òpópó Aláró

Ní ìlú Òkè-Àgbàrá, kò sí òpópó tó pẹ́ tó Òpópó Aláró. Àwọn aláró ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, kí àwọn ahunṣọ àti àwọn alágbẹ̀dẹ tó wá bá wọn. Ìsọ̀ fara kan ìsọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọ̀nà tóóró sì wà láàárín wọn: Ọ̀nà Odò tí àwọn apọnmi ń gbà, Ọ̀nà Ẹlẹ́mu, àti Ọ̀nà Alámọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò ń gbà kí èrò má baà kọ lù wọ́n, kí ìkòkò má fọ́ mọ́ wọn lórí. Kò sí ìjòyè kankan tó la àwọn ọ̀nà yìí. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló là wọ́n, oníkálukú sì mọ èyí tó yá jù láti ilé tirẹ̀.

Ọ̀ṣúnníyì ni àgbà gbogbo àwọn aláró. Ibùdó aró rẹ̀ ló ṣáájú gbogbo ìsọ̀, níbi tí ọ̀nà ńlá láti ààfin ti wọ òpópó. Ìyá rẹ̀ ló fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú àwọn ìkòkò aró ńláńlá tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Ẹ jọ̀wọ́, ìkòkò aró kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí èèyàn ń fọ̀ dànù lálẹ́. Bó bá ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni aró inú rẹ̀ ń dára sí i. Bí aró ẹlòmíràn bá fẹ́ kú ní òpópó náà, inú ìkòkò Ọ̀ṣúnníyì ni wọ́n ti ń bù díẹ̀ lọ láti fi jí i. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Olóyè kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ́lábí. Ọba rán an níṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè, nígbà tó dé, kò sinmi àròyé. Ó ní ọjà tí òun rí lọ́hùn-ún ní odi yí ká, ó ní ẹnubodè gíga kan ṣoṣo, gbogbo èrò sì ń wọlé létòlétò. Ó ní tiwa rí wúruwùru, ó ń ti òun lójú. Ohun tí kò sọ fún ọba ni pé ẹni tó bá dúró sí ẹnubodè kan ṣoṣo ni yóò máa gba owó ibodè lọ́wọ́ tonílé tàlejò, àti pé òun gan-an ló fẹ́ dúró síbẹ̀. Ọba gbà á gbọ́. Ohun tó bá ti dùn ún wò, àwọn ọba kì í pẹ́ gbà á.

Wọ́n pe àwọn ará òpópó jọ. Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ, tó jẹ́ olórí wọn, ló kọ́kọ́ dìde láti yin olóyè, nítorí wọ́n ti ṣèlérí ìsọ̀ tó fẹ̀ jù fún un. Àwọn yòókù wo ojú rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún ohun tí yóò sé ọ̀nà mọ́ wọn!

Lẹ́yìn ìpàdé, Ọ̀jẹ́lábí lọ bá Ọ̀ṣúnníyì níbi tó ti ń ro aró.

“Ìyá Aláró, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí ẹ wà yìí ni ẹnubodè máa bọ́ sí.”

“Ẹ kú àbọ̀, Olóyè. Ibi tí mo wà yìí ni ìyá mi ti bí mi.”

“A ti wá ibòmíràn fún yín, lẹ́yìn odi.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi hú àwọn ìkòkò yìí láìfọ́ ọ̀kan? Ilẹ̀ yìí dàgbà jù yín lọ, Olóyè. Mi ò lọ síbì kankan.”

Ọ̀jẹ́lábí rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Kò pẹ́ tí àbúrò Ọ̀ṣúnníyì kú ní abúlé ọkọ rẹ̀. Ìyá yìí lọ sìnkú. Kí ó tó dé, Ọ̀jẹ́lábí ti kó àwọn òṣìṣẹ́ wọ inú ibùdó rẹ̀, wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò òpó ẹnubodè síbẹ̀. Aró ìyá àti ọmọ ṣàn gba ojú àgbàrá lọ, títí kan ẹsẹ̀ àwọn adìẹ ló di aláwọ̀ aró. Òkú ló lọ sin o! Ẹni tó ń gba ilẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí là ń pè é? Mo ti wá orúkọ tó yẹ ẹ́ tì.

Ọ̀ṣúnníyì dúró láàárín àwọn àpáàdì, kò lè sunkún. Ògúnrìndé wá bá a níbẹ̀.

“Ẹ fọwọ́ wọ́nú, Ìyá. Ìlú ló fẹ́ lajú.”

“Ìlú tó fẹ́ lajú ló ní kí wọ́n fọ́ ìkòkò mi? Nígbà tí aró ìyàwó rẹ kú, ibo lo ti wá bù?”

Ògúnrìndé yí padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá náà gba ààfin lọ, ṣùgbọ́n ọba ní kí ó dúró dìgbà tí ọjà tuntun bá ṣí, kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó dúró. Wọ́n mọ odi yí òpópó ká, wọ́n gbé ẹnubodè ró, wọ́n fi ògiri dí Ọ̀nà Odò, wọ́n dí ti Ẹlẹ́mu, wọ́n dí ti Alámọ̀. Àwọn amọ̀kòkò ráhùn títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìṣíde kù ọ̀la, àwọn ará òpópó kó ọjà wọn sínú ìsọ̀ tuntun, wọ́n sì sùn tì í. Ní ìdájí, àwọn ará oko rọ́ dé pẹ̀lú iṣu, epo àti ẹ̀fọ́. Wọ́n dé ẹnubodè, wọ́n dúró gbagidi. Ẹnìkan ti ta okùn sí àárín òpó méjèèjì. Ìgbálẹ̀ gbígbó, ìkarahun ìgbín àti àkísà aró ló ń fì lára rẹ̀. Ọ̀ṣúnníyì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ààlè ni. Ẹni tó ni nǹkan ló sì ń pa ààlè sí i. Ẹni tó bá ré e kọjá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé olè ni òun, ohunkóhun tó bá sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, òun ló fà á.

“Ta ló ni ààlè yìí?” oníṣu kan béèrè.

“Èmi ni. Ilẹ̀ ìyá mi ni.”

“Ẹ ò tà á fún wọn?”

“N ò tà á, n ò fi tọrẹ.”

Oníṣu náà yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká gba Ọ̀nà Ẹlẹ́mu.”

“Wọ́n ti dí i.”

“Ọ̀nà Odò ńkọ́?”

“Wọ́n ti dí òun náà.”

Ògúnrìndé ń pariwo láti inú ọjà pé, “Ẹ máa wọlé, kí lẹ ń wò?” Elépo kan dá a lóhùn pé kí òun náà kọ́kọ́ jáde wá ná. Ògúnrìndé wo ìkarahun ìgbín yẹn, ó sì fà sẹ́yìn.

Ọ̀jẹ́lábí dé nínú agbádá sányán tó dá fún ọjọ́ náà. “Ẹ wọlé! Èmi ni mo ní kí ẹ wọlé!”

“Ẹ ṣíwájú, Olóyè,” ni elépo náà wí. “A ó máa tẹ̀ lé yín.”

Ọ̀jẹ́lábí ká agbádá rẹ̀ sọ́wọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó wo Ọ̀ṣúnníyì, ìyá náà ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀. Oòrùn mú, ẹ̀fọ́ rọ. Nínú odi, àwọn ọmọ ń ké fún omi tó wà lẹ́yìn ògiri Ọ̀nà Odò gan-an. Ìbínú àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru, kì í sì í ṣe sí ìyá aláró.

Wọ́n sáré lọ pe ọba, ọba sì wá.

“Ọ̀ṣúnníyì, ìwọ lo pa ààlè yìí?”

“Èmi ni, Kábíyèsí. Ẹ ní kí n dúró dìgbà tí ọjà bá ṣí. Òun ni mo wá dúró dè.”

Ọba kọjú sí olóyè. “Ṣé ó fún ọ nílẹ̀ yìí?”

“Kábíyèsí, nítorí ẹwà ìlú ni…”

“Mo ní, ṣé ó fún ọ?”

“Rárá, Kábíyèsí.”

“Ó dáa, kí àwọn èèyàn gba ibòmíràn wọlé.” Ẹnikẹ́ni ò mira. Ọba wo ògiri lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì wá yé òun náà. Òun ló fàṣẹ sí i.

“Kí ni kí a ṣe fún ọ?” ó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀ṣúnníyì.

“Aró ìyá mi ti ṣàn lọ, Kábíyèsí, kò sẹ́ni tó lè bù ú padà. Ẹni tó dí ọ̀nà ni kó ṣí i. Kó má rán ẹnikẹ́ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jẹ́lábí fi agbádá sányán gbé ọkọ́, tó ń wó ògiri lójú gbogbo ayé, àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́sí sì ń bá a wó o láti inú. Ọ̀nà Odò ló kọ́kọ́ ṣí, kí ó tó kan ti Ẹlẹ́mu àti ti Alámọ̀. Èrò ya wọlé, wọ́n rà, wọ́n tà. Ọ̀ṣúnníyì kò tú ààlè rẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹnubodè dúró lófìfo títí òjò fi wó o.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń rẹ́rìn-ín dé ibí yìí, bí ẹni pé gbogbo nǹkan ti bọ̀ sípò. Irọ́ ni. Ìyá náà ri ìkòkò tuntun mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, aró rẹ̀ kò dúdú tó ti ìyá rẹ̀ mọ́, kò sì sí olóyè tó san ìyẹn. Ohun tó ṣẹ́kù fún wa kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, èyí tí àwọn àgbà mú ní Òpópó Aláró lọ́jọ́ náà, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ipá sọ gbogbo ọ̀nà di ẹyọ kan, pé: Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.