Àwọn Tó Wà Lẹ́yìn Ọgbà

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kéré. Ẹ sún mọ́ra, èyí bani lẹ́rù. Bàbá Akínlàjà, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ ọ̀dọ̀ mẹ́rin nílé, ẹ má tíì sùn o.

Ní ìgbà kan rí, Ẹkùn ń wá ẹni tí yóò máa yọ ẹran láàárín eyín rẹ̀. Ta ló fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹnu Ẹkùn? Ó ní kí Ìjàpá bá òun wá òṣìṣẹ́, ó sì ń kó ogún èkùrọ́ fún un lójoojúmọ́ kó fi san owó iṣẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló yọjú. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an, ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ. Ìjàpá ní èkùrọ́ mẹ́wàá ni òun yóò máa san. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbà.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni Ìjàpá máa ń gbà á sí. Láràárọ̀, àfi kó dúró lẹ́nu ọgbà kí wọ́n tún gbà á.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá kọjú sí ẹ̀yìn ọgbà, ó kígbe: "Ta ni yóò gba iṣẹ́ yìí ní èkùrọ́ mẹ́fà nínú yín?"

Igbó mì rìrì.

Ìjàpá yíjú sí Ọ̀kẹ́rẹ́: "Ṣé o gbọ́ wọn? Wọ́n pọ̀ bí eéṣú."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yára bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mo gbà á ní mẹ́fà!"

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀! Okùn ni Ìjàpá so mọ́ igbó, tó tún so mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó sì ń fà á. Nígbà tó yá, owó iṣẹ́ di èkùrọ́ méjì. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kó o fáwọn ọmọ, òun ń febi sùn.

Bó ṣe wà nínú ẹnu Ẹkùn títí dé èjìká lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Igi tó fi ń yọ ẹran gún Ẹkùn ní ìdí eyín. Ẹnu náà bẹ̀rẹ̀ sí í padé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń kéré.

Ẹkùn kùn láti ọ̀nà ọ̀fun: "Kí ló ń mú ọ gbọ̀n?"

"Ebi ni, Bàbá! Èkùrọ́ méjì ni mò ń gbà."

"Méjì kẹ̀?"

Ìjàpá sáré wọlé tòun ti okùn lẹ́sẹ̀. "Bàbá, ẹ yáa pa á jẹ! Àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ẹ̀yìn ọgbà."

Ẹkùn tu Ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó lọ wò. Kò rí ẹnì kankan. Okùn ló rí. Ó ń tọ okùn náà bọ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, títí ó fi dé ẹsẹ̀ Ìjàpá.

"Ìwọ nìkan ni mo bá," Ẹkùn wí. "Wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Méjì náà ni wàá máa gbà."

Ó ya ẹnu. Ìjàpá na ọrùn wọ ibẹ̀, ó ń sunkún. Bí eyín bá ti mì, á fa orí sínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Títí dòní, ewé kò gbọdọ̀ já lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má fa orí wọlé.

Ẹkùn pe Ọ̀kẹ́rẹ́ padà sí ogún èkùrọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí igi, kò sì padà. Ó bọ́ lẹ́nu Ẹkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kò tíì lọ. Bó bá di èkùrọ́ kan mú, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlàjì owó.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ má sì bínú sí mi: ẹni tó ń fi ìpọ́njú dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ kó lè jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀, kó rántí pé ẹnu Ẹkùn ṣì wà ní yíyà, ó ń retí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.